Stowe: ọgbà tó ń jà

Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń ka La Nouvelle Héloïse máa ń sáré kọjá ibì kan nínú ìwé náà. Saint-Preux ń rìn nínú ọgbà Julie, ó sì ń fi í wé ọgbà Milord Cobham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbà pé ọgbà Cobham rẹwà. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n kó oríṣiríṣi ilẹ̀ àti oríṣiríṣi ìgbà jọ sójú kan, débi pé ọwọ́ olówó ni a ń rí níbi tó yẹ kí a ti rí igi àti omi. Stowe ni ọgbà náà, lẹ́bàá ìlú Buckingham. Rousseau kò tíì tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1761. Èmi náà kò tíì débẹ̀. Àwòrán, máàpù àti ìwé ìtàn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo fẹ́ bá a jiyàn. Ó rí àbùkù Stowe, ṣùgbọ́n kò rí èyí tó wúwo jù.

Jagunjagun ni Richard Temple, Viscount Cobham. Ó fẹ́ Anne Halsey, ọmọ ọlọ́tí bíà ńlá kan, owó ọtí sì wà lára ohun tí wọ́n fi gbin igi níbẹ̀. Ní 1733, Cobham tako òfin owó-orí tí Robert Walpole, olórí ìjọba, fẹ́ gbé ka wáìnì àti tábà, wọ́n sì gba ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sílé, ó fi ọgbà fèsì. William Kent kọ́ tẹ́ńpìlì Ìwà Rere Àtijọ́ fún un, ó rí rìbìtì, ó dúró ṣinṣin, ère Homer, Socrates, Lycurgus àti Epaminondas sì wà nínú rẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni tẹ́ńpìlì Ìwà Rere Òde Òní wà: àwókù ni wọ́n kọ́ ọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, pẹ̀lú ère kan tí kò lórí. Wọ́n ní Walpole ni. Kódà orúkọ ìdílé náà wà nínú eré yìí, bí ẹni tó gbọ́ Faransé yóò ti fura: Temple ló ń kọ́ temple.

Nítorí náà, àkójọ tó bí Saint-Preux nínú kì í ṣe àṣejù olówó lásán. Ọ̀rọ̀ ni. Èébú ni àwókù yẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọgbà dákẹ́ bí igbó kò ní gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tẹ́ńpìlì ni iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù ní Stowe. Yàrà ni. Charles Bridgeman, tó kọ́kọ́ fa ìlà ọgbà náà, ni ó gbẹ́ ẹ. Ó mọ ògiri sí ìhà ọgbà, ó sì jẹ́ kí ìhà kejì rọra dagẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ bá pápá. Saut-de-loup ni àwọn Faransé ń pè é. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá kò ní rí ògiri kankan. Lójú rẹ̀, koríko ọgbà àti koríko pápá di ọ̀kan, màlúù sì ń jẹ̀ bí ẹni pé wọn yóò dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Àwọn màlúù mọ̀ pé wọn kò lè débẹ̀. Ààlà wà, ojú ẹni tó ni ilẹ̀ nìkan ni wọ́n fi í pamọ́ fún. Lancelot Brown, tó di olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà Stowe ní 1741, kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dé góńgó: àfonífojì tó ṣe síbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ ó búra pé òjò ni.

Nínú igi, lẹ́bàá ibi tí Kent sọ ní Champs-Élysées, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí ojú kì í tètè rí. Òun ló ṣẹ́kù nínú abúlé Stowe. Bí ọgbà ṣe ń gbòòrò ni ilé ń wó, tí àwọn ará abúlé fi ṣí lọ sí Dadford. Nítòsí ibẹ̀ ni Cobham to ère àwọn akọni ilẹ̀ rẹ̀ 16 sí: Shakespeare, Newton, ọba Alfred, àti obìnrin kan ṣoṣo, Elizabeth. Francis Drake wà láàárín wọn, ẹni tó bá John Hawkins rin ìrìn àjò òwò ẹrú wá sí etíkun Áfíríkà ní 1567. Ìgbéyàwó ọdún 1796 sì fa oko ìrèké Hope ní Jàmáíkà, oko tí àwọn ẹrú ń ro, wá sínú ìdílé náà. N kò sọ pé owó ìrèké ló gbin Stowe. Wọ́n ti gbin ín tipẹ́ kí oko yẹn tó dé. Àmọ́ ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń fi abúlé pamọ́ sẹ́yìn igi, kò ní ṣòro fún un láti fi oko pamọ́ sẹ́yìn òkun.

Rousseau ń ráhùn pé ọwọ́ ènìyàn hàn jù. Èmi ń ráhùn pé wọ́n mọ̀ ọ́n fi pamọ́ jù. Ọgbà Julie tó fi ṣe àpẹẹrẹ náà, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ hàn sójú. Oògùn tó júwe yẹn gan-an ni àrùn.

Gbèsè ló kó bá ìdílé Temple níkẹyìn: ní 1848, odidi 40 ọjọ́ ni wọ́n fi ta ẹrù ilé náà ní gbàǹjo. Láti 1923, ilé-ẹ̀kọ́ ló wà nínú ilé ńlá náà. Àjọ National Trust ló ń tọ́jú ọgbà. Ní sáà tó ń bọ̀, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò padà sí lẹ́tà Saint-Preux pẹ̀lú máàpù Stowe níwájú wa. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà.