Láàsì Tó Mọ Ẹsẹ̀

Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá aránbàtà tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ní Muṣin lọ́jọ́ náà, láàsì nọ́ńbà 42 ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí. Bàtà tí èmi fúnra mi yóò wọ̀ ni mo fẹ́ rán, nọ́ńbà 42 ni mo sì ti ń rà láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá gba láàsì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e tì.

"Bọ́ bàtà ẹ. Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà."

Ẹni tí kò bá mọ láàsì, ẹsẹ̀ tí a fi igi tàbí ike ṣe ni. Òun ni aránbàtà ń fa awọ bò, tí yóò kàn án níṣòó mọ́ ọn títí awọ yóò fi gba ìrísí rẹ̀. Aṣọ tó bá há, télọ̀ lè tú u kó tún un rán. Awọ kò rí bẹ́ẹ̀: ihò tí abẹ́rẹ́ bá ti lu sí i lára kì í dí mọ́. Nítorí náà, kí ọ̀bẹ tó kan awọ rárá ni bàtà ti dára tàbí ti bàjẹ́, èmi ò sì tíì rí ibòmíràn nínú iṣẹ́ yìí tí ọgbọ́n ọ̀gá ti ń hàn tó ibi yíyan láàsì.

Wọ́n ní kí n dìde dúró lórí páálí. Ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó kò tíì gbé ẹrù; bí a bá dìde, á tẹ́, á fẹ̀, á tún gùn díẹ̀ sí i. Wọ́n na pẹ́ńsùlù dúró ṣánṣán, wọ́n fi tọ ẹsẹ̀ mi yí ká, wọ́n sì wọn gígùn rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 26 àti ààbọ̀. Nínú ètò tí 42 ti wá, ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, gígùn láàsì náà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28. Ohun tó fi ju ẹsẹ̀ mi lọ ni àyè tí ìka yóò fi máa sún síwájú bí mo bá ń rìn. Gígùn bára mu. Inú mi dùn.

Wọ́n wá wé téèpù mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ mi ti fẹ̀ jù lọ, láti oríkèé àtàǹpàkò dé oríkèé ìka tó kéré jù. 25 àti ààbọ̀. Wọ́n wé e mọ́ láàsì níbì kan náà: 24 àti ààbọ̀. Mo rántí gbogbo bàtà tó ti họ mí lẹ́sẹ̀, tí mo ń sọ pé awọ wọn ló le.

Wọ́n kó láàsì mẹ́fà sílẹ̀, gbogbo wọn nọ́ńbà 42. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé orúnkún wọn, wọ́n sì ń fi láàsì kọ̀ọ̀kan ti àtẹ́lẹsẹ̀ mi, gìgísẹ̀ sí gìgísẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ojú ọnà bàbá. Wọn ò wo orí ìka rárá. Oríkèé ni wọ́n ń wò. Ẹni méjì lè ní ẹsẹ̀ tó gùn bákan náà, kí ìka ẹnì kan gùn, kí ti ẹnì kejì kúrú. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti ń ṣẹ́ kò ní dọ́gba. Bàtà náà ní ibi tí tirẹ̀ ti ń ṣẹ́. Bí méjèèjì ò bá pàdé, awọ á máa ká lé ìka lórí, gìgísẹ̀ á máa yọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì máa rò pé bàtà ló tóbi. Bàbá fi ìka kan tẹ oríkèé mi, wọ́n fi òmíràn tẹ ti láàsì, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n mú èkejì. Wọn ò kánjú.

Mo tọ́ka sí ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, nítorí irú bàtà bẹ́ẹ̀ wù mí fún òde. Wọ́n ní, "Ìyẹn ò lè jẹ́ 42 fún ẹ." Òótọ́ ni. Ìka kì í dé inú ṣóńṣó; gígùn gbọ́dọ̀ kún un kí ìka má baà rún pọ̀. Òmíràn gba oríkèé mi dáadáa, àmọ́ bí iwájú rẹ̀ ṣe jókòó sórí tábìlì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣì ga sókè: híìlì gíga ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Bí a bá fi sóòlù pẹlẹbẹ sí i, imú bàtà á máa wòkè.

Èyí tí orí rẹ̀ rí roboto ni wọ́n mú níkẹyìn. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ ìbejì tí kò jọra: lára òsì mi, egungun yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò. Salvatore Ferragamo, gbajúmọ̀ aránbàtà ará Ítálì, máa ń tọ́jú láàsì igi fún àwọn òṣèré fíìmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ nínú àwọn láàsì náà ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ní Florence. Láàsì ti bàbá, gbogbo oníbàárà ló ń lò ó. Awọ pélébé kan ni wọ́n gé, kò tó owó ẹyọ, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ láàsì òsì níbi kókó náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ fá etí rẹ̀. Wọ́n fá a, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n tún fá a. Ó gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí.

Wọ́n ní kí n di ojú mi, kí n fi ìka wá ibi tí awọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá a títí. N kò rí i.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó na ọ̀bẹ tí a fi ń gé awọ sí mi.