André Fabre àti Ọgbọ́n Ìjánu
Oríṣi eré ẹṣin méjì ló wà ní Niamey. Ọ̀kan ń wáyé ní pápá eré ẹṣin ìlú náà, nínú eruku, lójú gbogbo ayé. Èkejì wà lórí ìwé tẹ́tẹ́ PMU, tí àwọn ènìyàn fi ń dá owó lé ẹṣin tó ń sáré ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ yìí á ti rí orúkọ André Fabre lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ta ní ń béèrè irú iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe?

Wọ́n bí Fabre ní 1945. Ọmọ aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ni, ó kàwé òfin, síbẹ̀ ilé ẹṣin ló gbà lọ. Ó kọ́kọ́ ń gun ẹṣin nínú eré tí ẹṣin ti ń fo ọgbà àti kòtò, ó sì gba Grand Steeple-Chase de Paris ní 1977. Nígbà tó di olùkọ́ ẹṣin, ẹṣin rẹ̀ gba ìdíje kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, láti 1980 dé 1983. Ẹ̀yìn ìyẹn ló yà sí eré orí pápá títẹ́jú. Láti orí ẹṣin Trempolino ní 1987 dé orí Waldgeist ní 2019, ó gba ìdíje Prix de l'Arc de Triomphe (Arc) lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Kò sí olùkọ́ mìíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Waldgeist ni mo kà sí ẹ̀rí tó lágbára jù fún ọgbọ́n Fabre. Peintre Célèbre, tó gbà á ní 1997, fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ ká mọ ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ parí sí. Waldgeist kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Arc 2018, Enable, abo ẹṣin tí John Gosden ń kọ́, ló borí. Waldgeist ṣe ìkẹrin. Ní oṣù Keje 2019 wọ́n tún pàdé ní Ascot: Enable ló tún gbà á, Waldgeist ṣe ìkẹta. Fabre kò kánjú. Eré kan péré ló fún un lẹ́yìn ìyẹn, Prix Foy ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì borí. Nígbà tó di Arc ti oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ rọ̀, Enable ń lé Arc ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó sì ti wà níwájú, àfi bí Waldgeist ṣe yọ lẹ́yìn tó sì kọjá rẹ̀. Ohun tí Fabre kò béèrè lọ́wọ́ ẹṣin náà ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn ni mo ń pè ní iṣẹ́ ọnà.

Ẹnìkan lè sọ pé owó ló fà á. Òótọ́ wà níbẹ̀: Daniel Wildenstein ló ni Peintre Célèbre, Sheikh Mohammed ló ni Carnegie, òmíràn nínú àwọn ẹṣin tí Fabre fi gba Arc. Olùkọ́ ẹṣin ní Niamey kò ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Koríko bourgou tí wọ́n ń gé nínú Odò Ọya ni ẹran ọ̀sìn ń jẹ níbẹ̀, ooru oṣù Kẹrin sì ń kọjá ìwọ̀n 40. Ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí ẹṣin sinmi nínú irú ooru yẹn kò ní ẹṣin pẹ́. Ọgbọ́n tí Fabre ń lò kò ṣàjèjì sí olùkọ́ ẹṣin Niamey. Ẹni tí yóò kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ni kò rí.

Ibì kan wà tí ọwọ́ olùkọ́ kì í dé ṣá. Ní Derby Epsom 2011, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni Pour Moi, ẹṣin Fabre, wà fún ìgbà pípẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wọn, títí kan ẹṣin Ọbabìnrin Elizabeth tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó lé. Mickael Barzalona, ọmọ ọdún 19 tó gùn ún, dìde nàró lórí ẹṣin, ó ń yọ̀ kí wọ́n tó dé ìlà. Gígùn orí ẹṣin kan péré ni wọ́n fi borí. Derby àkọ́kọ́ Fabre nìyẹn, ọmọdé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ayọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.