Ẹ̀wọ̀n Tí Ó Di Ibi Fàájì: Àyẹ̀wò Freedom Park ní Erékùṣù Èkó

Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó sọ ọgbà kan ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, ní Freedom Park, ìyẹn Ọgbà Òmìnira, wo ilé dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Lónìí, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń wo eré, tí wọ́n sì ti ń gbọ́ orin títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ibi ìyà di ibi ìgbádùn? Bí ó bá tọ́, ṣé àwọn tí ó ṣe é ṣe é dé ojú àmì?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ibẹ̀. Ní 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní 1882 wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan síbẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, koríko ni wọ́n sì fi bo orí rẹ̀. Ìtàn sọ pé àwọn tí inú ń bí sí ìjọba amúnisìn ń ju iná sí i. Nígbà tí ó yá, ìjọba kó bíríkì wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún un kọ́ kí ó le dan-indan-in. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà wà lára wọn. Ní 1979 wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì di ààtàn. Ayàwòrán-ilé kan, Theo Lawson, ni ó ya àwòrán ọgbà tuntun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tí ó gba òmìnira, wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé.

Àbúrò bàbá mi tí ó ń gbé ní Láfíàjí mú mi dé ibẹ̀ ní ọ̀sán, ó sì tún mú mi lọ ní alẹ́. Ohun tí ó wù mí jù ni pé ayàwòrán náà kò fi ìtàn ilẹ̀ náà pamọ́. Ibi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà ti di ìsọ̀ kéékèèké. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni wọ́n gbé pèpéle eré lé. Ẹni tí ó bá ń kọrin níbẹ̀, orí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbẹ́mìí mì ni ó dúró sí. Ní alẹ́ tí a lọ, bí ìlù ṣe ń dún tí àwọn ènìyàn sì ń jó, àbúrò bàbá mi bi mí léèrè pé, "Gbogbo àwọn tó ń jó yìí, ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń jó lé lórí?" Ìbéèrè yẹn ni ó sọ mí di olùyẹ̀wò.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé èèwọ̀ ni kí ènìyàn jẹun, kí ó sì mu ọtí níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣòfò. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n èrò mi yàtọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, bí àgbàlagbà bá kú, ṣé a kì í se oúnjẹ ni? Ṣé a kì í lu ìlù? Ní Èkó kan náà, Ẹ̀yọ̀ tí ó ń fi aṣọ funfun jó káàkiri ìgboro, ìrántí ẹni tí ó ti lọ ni wọ́n máa ń torí rẹ̀ ṣe é. Àsè àti ijó kì í ṣe ọ̀tá òkú lọ́dọ̀ wa. Ìgbàgbé ni ọ̀tá òkú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar nítòsí Tinúbú, níbi tí kò jìnnà sí ọgbà yìí. Ìdílé Fernandez, lára àwọn Àgùdà, ni ó kọ́ ilé náà ní nǹkan bí ọdún 1855, wọ́n sì fi ṣe ilé oúnjẹ àti ọtí. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin nìkan kò lè dá ilé sí. Ilé tí ènìyàn ń wọ̀, tí ènìyàn ń jẹun nínú rẹ̀, ni ó ń rí olùgbèjà. Ní erékùṣù Malta lórí Òkun Mẹditaréníà, gbogbo ìlú Valletta ni àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1980. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe fàájì alẹ́ láàárín àwọn ògiri àtijọ́. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ó tọ́.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi sí ìkejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí tí ọgbà náà kù díẹ̀ káàtó sí. Èkíní, ní ọ̀sán, ènìyàn lè rọra rìn, kí ó ronú. Ní alẹ́, orin bo ìtàn mọ́lẹ̀. Alẹ́ gan-an sì ni èrò pọ̀ jù. Èkejì, bí a bá ti dárúkọ ibẹ̀, Macaulay àti Awólọ́wọ̀ ni gbogbo ẹnu ń pè. Àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n so kọ́ níbẹ̀ ńkọ́, àwọn tí kò ní ìwé ìròyìn tí ó máa gbèjà wọn? Ẹ̀kẹta ni èdè. Ìyá àgbà mi ní Òtu kò lè sọ ohun tí orúkọ ọgbà náà túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ìlú Yorùbá ni ó wà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó lórí. Kí eré kankan tó bẹ̀rẹ̀ lórí pèpéle yẹn, kí ẹnì kan fi ìṣẹ́jú méjì sọ ní èdè Yorùbá ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí ìlù dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó máa lọ. Ẹni tí ó bá jó lẹ́yìn ìyẹn, ó ti mọ ohun tí ó ń jó lé lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Òkè-Ògùn. Adó-Àwáyè ní adágún Ìyàkẹ́ tí ó wà lórí òkè. Àwa ni a súnmọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé. Ní Ìsẹ́yìn, òfì ṣì ń dún. Ní Òtu níhìn-ín, ilé alámọ̀ àwọn baba ńlá wa ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò wọn. A máa ń ráhùn pé àlejò kì í wá. Ṣé a ti se àmàlà dè é? Ṣé a ti kọ́ ọmọ tí yóò sọ ìtàn fún un? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ mú wa lọ wo àwọn ibi wọ̀nyí. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ sọ ìtàn ilé yín fún wa kí ẹ tó wó o.

Ní ìdájọ́ tèmi, Freedom Park yege, ṣùgbọ́n kò gba máàkì tí ó yẹ kó gbà. Ó ti kọ́ wa bí a ṣe lè jẹun nílé ìtàn. Ó kù kí ó kọ́ wa bí a ṣe ń fetí sí ìtàn nígbà tí oúnjẹ bá wà lẹ́nu.