Àlùfáà Inú Eré àti Òṣùwọ̀n Agbára Rẹ̀

Nínú eré Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, àwọn òṣèré a jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú a sì gbé ìwà ẹnìkan wọ̀: ọ̀kan á di jagunjagun, èkejì á di oṣó, ẹ̀kẹta á di àlùfáà. Olùdarí ni í sọ ìtàn, dáìsì ni í sì í dájọ́. Agbára àlùfáà ṣòro láti wọ̀n, nítorí kì í ṣe tirẹ̀. Ti òrìṣà tí ó ń sìn ni.

Òfin ọdún 1974 fi èèwọ̀ wọ̀n ọ́n. Àlùfáà kò gbọdọ̀ fi idà tàbí ọfà jà. Kùmọ̀ ni tirẹ̀. Kò sì ní ọfọ̀ kankan títí yóò fi dé ipò kejì.

Ìwé ọdún 2014 gba ọ̀nà mìíràn. Àlùfáà tí ó bá dé ipò kẹwàá lè ké pe òrìṣà rẹ̀ kí ó wá dá sí ọ̀ràn. A ó ju dáìsì láti 1 dé 100. Bí iye tí ó hù kò bá ju ipò àlùfáà lọ, òrìṣà dáhùn. Nítorí náà, ní ipò kẹwàá, bí ó bá ké nígbà mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án já sí asán. Ohun tí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé kò yẹ ní pípè ní agbára.

Ìwé ọdún 2024 tún un ṣe. Àlùfáà yóò yan ọfọ̀ kan tí kò ju ìpele karùn-ún lọ, yóò sì ṣẹ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ti sinmi tán, ó lè tún ṣe é. Ní ti ìṣirò, àtúnṣe yìí dára. Ṣùgbọ́n òrìṣà ti di ìránṣẹ́, àlùfáà sì ti di oṣó tí ó pààrọ̀ ẹ̀wù.

Àwọn ìwé méjèèjì ka iye ìgbà tí òrìṣà yóò dáhùn. Wọn kò ka ohun tí àlùfáà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Májẹ̀mú ni òṣùwọ̀n agbára tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ìdáhùn dájú, ṣùgbọ́n kí èèwọ̀ wà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá sì rú u, kí ó ṣe ètùtù kí ó tó tún ké. Kí gbogbo òṣèré fẹnu kò lórí èèwọ̀ náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí olùdarí má baà fi ṣe pàṣán. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.