Ọkọ̀ Kì í Dúró De Ayàwòrán

Nínú gbogbo àwòrán èbúté tí àwa tí a ń fi ọ̀dà òróró ṣiṣẹ́ máa ń gbé yẹ̀ wò, kò sí èyí tó wù mí tó “Wapping”, èyí tí James McNeill Whistler, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ilé, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860 tí kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí di 1864. Òkè ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Angel, ní bèbè gúúsù Odò Thames, ni ó ti ń wo Wapping lódìkejì. Thames agbé-ọkọ̀-má-rẹ̀ẹ́, odò tí í kún tí í sì í fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Èmi tí mo ti ya gẹdú tó ń léfòó lójú ọ̀sà ní Òkò Bàbà, l’Ékòó, mọ wàhálà tó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó kí a yà á lè gbowó kó sì dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti já ẹrù tán kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ya òun. Omi a kún, ọkọ̀ a gòkè, omi a fà, okùn tó le dandan láàárọ̀ a dẹ̀ lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ a sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni òróró ti gbani. Ọ̀dà tí a fi òróró linseed pò kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ó ń fún ọwọ́ láyè láti pa á rẹ́, láti fi ọ̀bẹ há a kúrò, láti tún un kùn, bí a bá ṣáà ti rántí pé ìpele ìsàlẹ̀ ni tapẹntáìnì ti ń pọ̀, tí òróró sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń lọ sókè, nítorí ẹni tó bá dà á kọ, àwòrán rẹ̀ yóò sán wẹ́wẹ́ lójú ayé rẹ̀.

Whistler lo àyè yìí dé góńgó. Ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ènìyàn mẹ́ta jókòó: Joanna Hiffernan, obìnrin onírun pupa, atukọ̀ kan, àti Alphonse Legros, ayàwòrán ọmọ Faransé, bẹ́ẹ̀ bàbá arúgbó kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni ó kọ́kọ́ wà ní ipò Legros, kí ọ̀dà tó bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ká sòótọ́, ojú obìnrin náà, tí ó tún yà léraléra, kò fà mí tó okùn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn. Ní 1859, Whistler ti fi abẹ́rẹ́ fa ọkọ̀ odò kan náà sára páànù bàbà kí ásíìdì tó jẹ ẹ́, ọwọ́ abẹ́rẹ́ yẹn ló sì gbé wá sídìí búrọ́ọ̀ṣì. Fífa irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti orí òpó dé etí ọkọ̀ kì í ṣe eré ọmọdé: bí ọ̀dà bá ki, ìlà á já lágbedeméjì, bí ó bá ṣàn jù, á tàn sára òfuurufú, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n, kò sí atukọ̀ tí yóò gbà pé okùn ni.

Ọdún 1861 ni ó kọ ti orúkọ rẹ̀ lára àwòrán náà, ọdún mẹ́ta gbáko kó tó gbé e lọ sí ìpàtẹ Royal Academy. Èmi ò dá a lẹ́bi. Ayàwòrán wo ni kò tíì kọ orúkọ sára iṣẹ́ tí kò tíì tán rí?