Ilé Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan bi mí láìpẹ́ yìí bóyá ó tọ́ kí a máa pe ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, tí àlejò ń lọ wò báyìí, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo ní kò tọ́. Ó ní kí n ṣàlàyé.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ìṣẹ̀ǹbáyé ni ohun tó ti wà láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀. Orí idẹ Ifẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Awólọ́wọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1909 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà. Ibẹ̀ náà ló kú sí ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 1987. Ọdún 2015 ni Màmá H.I.D., aya rẹ̀, tó tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tí mo dìbò fún ní 1979, ẹ wá ń pè é ní ìṣẹ̀ǹbáyé! Ilé ìrántí tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí a ò lè sọ̀rọ̀ ìrántí kí a má wá ẹni tó ń rántí.

Ibi tí àríwísí mi wà gan-an nìyẹn. Irú ilé báyìí máa ń kó ohun tí olóyè lò jọ: fìlà, dígí ojú, aṣọ, ìwé, fọ́tò. N ò fojú tín-ín-rín wọn o. Ibi yòówù kí ẹ ti rí fìlà yẹn, ẹ ó mọ ẹni tó ni ín. Ibojì rẹ̀ tó wà nínú ọgbà ilé náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Inú ilé làwọn baba wa ń sin òkú sí, tí ọmọ ń sùn, tí ọmọ ń jẹun níbẹ̀, tí ulé (bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é) ṣì ń jẹ́ ulé. Àmọ́ àga tí a fi okùn yí ká kì í ṣe àga mọ́.

Awólọ́wọ̀ tí àwa mọ̀ ní Ìkọ̀lé kò sí lára fìlà. Ní 1952 ni Olóyè Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Owó-orí tó tìdí ẹ̀ yọ bí àwọn baba wa nínú. Wọ́n kùn, wọ́n sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi níwájú NCNC nínú ìbò àpapọ̀ 1954 ní ìwọ̀-oòrùn. Ó sì yẹ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ sọ ìyẹn náà. Oríkì ìdílé tiwa kì í fi àléébù pamọ́. A ó ki baba, a ó sì bú u díẹ̀ sí i. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Iye ọmọ tí kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú lé ní 800,000.

Èmi wà lára wọn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí wa: ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, ẹ fi kan etí òsì. Tèmi kàn án. Ti ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ ń ṣeré lábẹ́ igi ọ̀sàn, ò kàn án. Wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Baba rẹ̀ mú un lọ sí oko kòkó, kò padà wá mọ́.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ẹ̀rọ kiri Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, tí mò ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ torí ìró fáwẹ́lì tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní, n ò gba ohùn tiẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ fìlà yẹn nìyẹn: ohùn àwọn tí ọwọ́ wọn kan etí, àti tàwọn tí tiwọn ò kàn án. Ẹni tó kéré jù nínú wa ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀yin tí baba tàbí ìyá yín wọ ilé-ìwé lọ́dún yẹn, fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ etí yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi èdè ulé dáhùn.