Àlùmánákì Otonba Payne àti Bí A Ti Ń Ka Ọjọ́ ní Rẹ́mọ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé Ẹgbẹ́ wa yìí ni ó ti gbọ́ orúkọ Otonba Payne, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ti ṣí ìwé rẹ̀ wò rí. Nítorí náà ni a fi rò pé ó yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò. Kì í ṣe láti yìn ín nìkan, nítorí ìyìn òkú kò ṣòro. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe láti bù ú kù, nítorí ẹni tí ó kọ́kọ́ la igbó ni ẹ̀gún ń gún jù. Ohun tí a ń fẹ́ mọ̀ ni irú ìwé tí àlùmánákì jẹ́, ohun tí ó ṣe fún wa, àti ohun tí kò lè ṣe.

Ní ọdún 1839 ni a bí John Augustus Otonba Payne ní Sàró, láàrin àwọn ènìyàn wa tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Ó ka ara rẹ̀ kún ìdílé ọba Ìjẹ̀bú, èyí ni ó sì mú kí ó fi Otonba sínú orúkọ rẹ̀, kí orúkọ òyìnbó tí ó bá nílé má ba à gbé tirẹ̀ mì. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, ó wá síbẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba títí ó fi di Akọ̀wé Àgbà ní Kóòtù Gíga. Láti ọdún 1874 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé tí ó pè ní Lagos and West African Almanack and Diary, ó sì ń bá a lọ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní 1893 ó tẹ ìwé kékeré mìíràn, èyí tí í ṣe àkójọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì nínú ìtàn Yorùbá àti ọjọ́ tí wọ́n ṣẹlẹ̀. Ó kú ní 1906.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìwé ti 1893 yìí, nítorí nínú rẹ̀ ni a ti rí ìdí gbogbo làálàá rẹ̀. Nínú àkọlé ìwé náà ni ó ti wí gbangba pé nítorí ìlò àwọn kóòtù ilẹ̀ Èkó ni òun ṣe kó o jọ. Kì í ṣe fún adùn ìtàn, kì í sì í ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ ro ó wò: ọkùnrin kan dúró níwájú adájọ́ lórí ọ̀ràn ilẹ̀. Wọ́n bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tí baba rẹ̀ fi oko náà lé e lọ́wọ́. Ó dáhùn pé Ìjàyè ti fọ́ nígbà náà, òun sì ti lè gun ọ̀pẹ. Ìdáhùn pípé ni. Kò sí ẹni tí ó wà láyé ní ọjọ́ náà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní yé. Ṣùgbọ́n adájọ́ òyìnbó kò mọ ìgbà tí Ìjàyè fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ iye ọdún tí ọmọdékùnrin fi ń tó ọ̀pẹ gùn. Akọ̀wé ni yóò sọ fún un pé oṣù kẹta ọdún 1862 ni ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn, àti pé ẹlẹ́rìí yìí yóò ti tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ẹni tí ó ti jókòó sí ìdí tábìlì kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kọjá létí rẹ̀ lójoojúmọ́, kò níláti jẹ́ amòye kí ó tó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀.

Níhìn-ín ni a rí ẹwà iṣẹ́ Payne. Àwọn òyìnbó tí ó bá jókòó lè máa wí pé àwọn dúdú kò mọ ọjọ́ orí wọn. Òun mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n, pé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni ó yàtọ̀. Kò pa ìwọ̀n wọn tì. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì kí méjèèjì lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. A kò mọ iṣẹ́ akọ̀wé tí ó ní ọ̀wọ̀ ju èyí lọ.

Àwa tìkára wa kò lè fi ọwọ́ rọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, nítorí a ń lò ó títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ara wa ni a kọ ọ́ sí. Nígbà tí ìyá àgbà kan bá sùn nínú Olúwa ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wá bá àlùfáà kí a lè kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú. Èkíní á ní ọgọ́rin, èkejì á ní márùn-ún dín ní ọgọ́rùn-ún, àbúrò wọn tí ó ti Èkó dé á sì fẹ́ kí ó pé ọgọ́rùn-ún nítorí pátákó tí wọ́n ti lọ ṣe. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí a pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ṣẹ́kù, kí a bi í: ǹjẹ́ ó ti wọ ilé ọkọ nígbà tí Akárìgbò Adédoyin wàjà? Ọdún 1952 nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ wo ni ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, dá sílẹ̀? Oṣù kìíní ọdún 1955. Ó ti ń ta gbànjà nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún? Oṣù kẹrin ọdún 1972. Owó pọ́n-ùn ni ó fi ra ilẹ̀ tí ó kọ́lé sí, tàbí náírà? Náírà dé ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973. Kí a tó mu omi tán, ọjọ́ orí ìyá ti fara hàn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju ọdún méjì síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún lọ. Inú àwọn ọmọ kì í dùn nígbà gbogbo.

Wàyí o, a ní ohun mẹ́ta tí a fi bá Payne jà.

Èkíní ni pé ìlà kan ṣoṣo ni àkójọ máa ń fún ohun gbogbo. Ogun ọdún mẹ́rìndínlógún gba ìlà kan, ikú ọba gba ìlà kan. Ẹ wo Ṣàgámù. Ẹni tí ó bá kọ pé ní ọdún 1872 ni a tẹ ìlú náà dó kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tí ì sọ ohunkóhun. Ìlú mẹ́tàlá ni ó kó ara wọn jọ sí ojú kan nítorí ogun, tí olúkúlùkù mú orúkọ rẹ̀, ọba rẹ̀, oyè rẹ̀ àti ọjọ́ ọdún rẹ̀ wá, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìtú ká títí di òní. Ọmọ Màkun kò tí ì di ọmọ Òfin. Àwọn àgbà kò ní kí o mú nọ́ńbà wá; ìgbà tí a kó jọ ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn gbé ìbẹ̀rù ogun, àdéhùn àti àìfẹ́-kí-orúkọ-ẹni-parẹ́ sínú, nígbà tí 1872 kò gbé nǹkan kan ju ara rẹ̀ lọ. A kò dá Payne lẹ́bi pé ó kọ nọ́ńbà. A kàn ń kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní nọ́ńbà nìkan, tí wọ́n sì ń pè é ní ìtàn.

Èkejì tóbi ju èyí lọ. Ta ni ó ń pinnu ohun tí ó ṣe pàtàkì? Fún kóòtù Èkó, ohun tí ó kan Èkó ni ó ṣe pàtàkì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Akọ̀wé ń sin ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọdún tí ìwé náà jáde. Ogun Ìmàgbọn, nínú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, jà ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Ìwé Payne jáde ní 1893. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1894 ni Akárìgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú Gómìnà Carter, tí Rẹ́mọ sì wọ abẹ́ ààbò ìjọba Èkó. Ọdún kan péré ni ohun tí ó tóbi jùlọ nínú ìtàn wa nígbà náà fi pẹ́ ju ìwé náà lọ. Ẹni tí ó bá sì gba àkójọ kan gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ó parí, yóò rò pé ohun tí kò sí níbẹ̀ kò ṣẹlẹ̀.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni èyí. Ní 1937, nígbà tí ìjọba yan Martindale láti wádìí ipò Akárìgbò sí ti Awùjalẹ̀, àdéhùn ọdún 1894 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí Rẹ́mọ gbé ara lé. Ní 1938 ni a gba ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Bí ìwé kan kò bá sí, tí ó jẹ́ ẹnu lásán ni, a kò mọ bí ọ̀ràn náà ìbá ti rí. Ẹnu wa pọ̀, ẹnu wọn náà pọ̀. Ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀ ni ó ń jẹ́ ẹ̀rí nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí bá ti kú tán, àṣìṣe tí a sì tẹ̀ sínú ìwé náà ń jẹ́ ẹ̀rí bákan náà, láìtijú.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ kíka ọjọ́ fúnra rẹ̀. Oṣù Gẹ̀ẹ́sì méjìlá ni àlùmánákì fi ń rìn, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ọdún tí í ṣe àjọ̀dún àti ọdún tí í ṣe oṣù méjìlá, nítorí ìgbà tí àjọ̀dún bá yí padà dé ni ọdún pé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni oṣù ojú ọ̀run àti oṣù tí a ń kà. Ọ̀rún sì ni ọjọ́ ọjà wa, tí a ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàrin ọjà kan àti èkejì bí Gẹ̀ẹ́sì bá kà á.

Àwọn arákùnrin wa kan yóò wí pé kí ni èyí kan Ìjọ. Ó kàn wá púpọ̀. Ẹ mú ìṣirò: mẹ́rin àti méje pàdé ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Nítorí náà, nínú Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin tí ó tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Àlùfáà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wá láti ibòmíràn yóò rí i pé àga àwọn ìyá ṣófo, yóò sì wàásù líle lórí ìfàsẹ́yìn, nígbà tí àwọn tí ó ń bá wí wà lábẹ́ àtíbàbà wọn lọ́jà, tí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù náà. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ní ìjọ kan tí a kò ní dárúkọ, kí àgbà ìjọ kan tó fi sùúrù là wá lójú lẹ́yìn ìsìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọjọ́ orò, nígbà tí obìnrin kì í jáde. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ náà yóò fi ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá sí i, òun nìkan ni yóò sì jókòó níbẹ̀. Mímọ ọjọ́ kì í ṣe bíbọ òrìṣà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń fi àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé a ń wo oṣù kí ọjọ́ wọn tó dá, kí ó ṣí iwájú Ìwé Àdúrà rẹ̀. Yóò rí tábìlì tí a fi ń wá Ọjọ́ Àjíǹde níbẹ̀, yóò sì rí i pé oṣù ni àwọn baba Ìjọ náà ń wò: Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé òṣùpá àràn-mọ́jú tí ó bọ́ sí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí a fẹ́ràn nínú iṣẹ́ Payne ju gbogbo èyí lọ, kì í sì í ṣe òun ni ó kọ ọ́. Ó pe ìwé rẹ̀ ní àlùmánákì àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́, èyí ni pé ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó rà á láti kọ ti ara rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni. Ó mọ̀ pé òun kò lè mọ ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò bọ́ ní oko ẹlòmíràn, tàbí ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ yọ eyín. A ti rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwé ìrántí àti lẹ́yìn àwọn àlùmánákì ara ògiri tí ó wà nílé àwọn ọmọ ìjọ wa ní Rẹ́mọ, èyí tí a kì í yọ kúrò bí ọdún rẹ̀ tilẹ̀ ti kọjá lọ, nítorí àwòrán baba tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹnìkan kọ ọjọ́ tí ọyẹ́ dé. Ẹnìkan kọ pé òjò dáwọ́ dúró ní oṣù kẹjọ, àgbàdo sì gbẹ dáadáa. Ẹnìkan kọ iye gbànjà tí ó tà fún Hausa ní Sábó, lábẹ́ rẹ̀ ni ó sì kọ orúkọ ọmọ tí ó kú, ọjọ́ rẹ̀, láìfi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Kò sí akọ̀wé kóòtù tí ó lè kó ìwọ̀nyí jọ.

Nítorí náà a ń bẹ àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbà ìjọ, ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìperu, ní Ìṣarà, ní Ògèrè àti ní Òde Rẹ́mọ, pé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà ní àpótí ilé yín, tàbí bí a bá fẹ́ kun ògiri tí àlùmánákì àtijọ́ wà lára rẹ̀, kí ẹ má ṣe fi dáná. Ẹ mú un wá fún Ẹgbẹ́ wa. A ó da ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kọ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ bí a ti bá a, a ó sì dá ìwé náà padà fún yín.